Ìjàpá àti Pijó 504

Ní àkókò tí owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wìtìwìtì sí Nàìjíríà, tí ìgbìmọ̀ Udoji sì ti mú kí a fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ọkọ̀ méjì ni ó gba títì lọ́wọ́ Morris àti Austin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó wá: Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, ọkọ̀ tíṣà àti akọ̀wé, àti Peugeot 504, Pijó tí àwọn ọ̀gá ìjọba ń fara ti ẹ̀yìn rẹ̀. Ọdún kan náà, 1975, ni a bẹ̀rẹ̀ sí í to méjèèjì pọ̀ nílẹ̀ yìí, Ìjàpá ní ọ̀nà Àgbádárìgì l'Ékòó, Pijó ní Kàdúná.

Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo, ni ẹ̀gbọ́n, nítorí kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ́ ni Ferdinand Porsche ti ṣe é ní Jámánì, bẹ́ẹ̀ 504 kò jáde títí di 1968. Bí a bá ń ka ìwé ẹ̀rọ, àbúrò ni yóò borí: 1285 cc ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá 1300, agbára ẹṣin 44, ti 504 ńlá jẹ́ 1971 cc, agbára rẹ̀ sì lé ní ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, atẹ́gùn ni ó sì ń tù ú lára, kì í ṣe omi. Ẹni tí radiétọ̀ ọkọ̀ rẹ̀ ti hó rí lójú ọ̀nà, ní ọ̀sán gangan, ni yóò mọ bí èyí ti tó. Ìwúwo ẹ́ńjìnnì náà a sì máa tẹ àwọn táyà tí ń ti ọkọ̀ mọ́lẹ̀, tí ó fi ń la ẹrẹ̀ kọjá níbi tí ọkọ̀ olówó gbé rì.

Orí ihò ni a ti ń mọ iyì Pijó. Sípíríìnì rẹ̀ gùn, ó sì rọ̀, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ń dá gòkè, ó ń dá sọ̀ láìdí èkejì lọ́wọ́. Abájọ tí ó fi gba ìdíje Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1975. Lójú tèmi, èyí tí ó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta ni ọba wọn: láti táyà iwájú dé ti ẹ̀yìn, mítà 2.74 ti Pijó tí kò ní ìlà kẹta di 2.9, irin gbọọrọ kan sì so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ kí ó lè ru ẹrù. Òun ni àwọn awakọ̀ èrò fi ń sáré láàárín Èkó àti Ìbàdàn (ìwé ẹ̀rọ kò kọ iye agbọ̀n tòmátì tí orí rẹ̀ ń gbà, ẹ bi awakọ̀ léèrè). Jámánì ti ṣíwọ́ Ìjàpá kí 1980 tó parí, Faransé sì ṣíwọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ 504 ní 1983; Mexico ṣe Ìjàpá dé 2003, Kàdúná sì ń to 504 lọ lẹ́yìn ọdún 2000.