Bí oró kòkòrò àìfojúrí ṣe ń mú kí inú ihò egungun ojú wú

Ní ìlú Ọ̀rẹ̀, tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, eruku kì í wọ́n. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tó ti Ṣágámù lọ sí Bìní gbà kọjá, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́búlẹ́bú pákó ń fẹ́ láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Bí ọyẹ́ bá dé, imú á gbẹ, ọ̀fìnkìn á sì tẹ̀ lé e. Ọ̀fìnkìn lásán sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Èyí tó bá kọ̀ tí kò lọ, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí ń dunni, ó ṣeé ṣe kó ti di àìsàn ihò egungun ojú, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní sinusitis.

Oríṣi mẹ́rin ni àwọn ihò wọ̀nyí, tọ̀tún-tòsì: ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ti iwájú orí, ti àárín ojú méjèèjì, àti ti ẹ̀yìn imú lọ́hùn-ún. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bo inú wọn. Awọ yìí ń sun ikun, irun tíntìntín ara rẹ̀ sì ń gbá ikun náà jáde pẹ̀lú eruku àti kòkòrò. Bí ọ̀fìnkìn bá mú kí ẹnu ihò náà dí, ikun á dúró sójú kan, bakitéríà á sì rí ibùgbé.

Oró ni ohun ìjà bakitéríà. Streptococcus pneumoniae ní oró tó ń lu sẹ́ẹ̀lì awọ náà jo, tó sì ń sọ irun rẹ̀ di aláìlágbára. Ara èèpo ni Haemophilus influenzae gbé oró tirẹ̀ sí. Bó bá kú, oró náà á tú jáde. Richard Pfeiffer, ọmọ Jámánì, ló ṣàpèjúwe kòkòrò yìí lọ́dún 1892. Lọ́dún 1998, Bruce Beutler àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàwárí ohun tó ń ṣọ́ irú oró bẹ́ẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì. Beutler wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2011.

Bí olùṣọ́ yìí bá ti fura, á ké gbàjarè. Iṣan ẹ̀jẹ̀ á fẹ̀, omi á jò sínú awọ, àwọn ọmọ ogun ara á rọ́ dé, ikun á sì ki. Ohun tí ara fi ń gbèjà ara rẹ̀ náà ló tún ń dí ihò pa, tí kòkòrò fi ń bí sí i.

Síbẹ̀, fáírọ́ọ̀sì ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú àìsàn yìí, oògùn apakòkòrò kò sì ràn án. Kò yẹ kí ènìyàn máa dá oògùn bẹ́ẹ̀ rà lò. Kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú eruku fi nǹkan bo imú. Bí ó bá ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ, tàbí tó kọ́kọ́ dẹwọ́ kó tó le padà, kí ó lọ rí dókítà. Bí ìpéǹpéjú bá wú, tí ojú ń rí nǹkan ní méjì-méjì, tí ọrùn le gan-an, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni, nítorí àìsàn náà lè ti ibẹ̀ wọ ojú tàbí ọpọlọ. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.