Dídènà Ìtànkálẹ̀ Àrùn Ọ̀nà Èémí Láàárín Àwọn Ológbò Ilé

Ojú-ìwé yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ju ológbò kan lọ nínú ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù ní Abidjan, àti fún ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera tí àwọn aládùúgbò máa ń bi léèrè nípa rẹ̀. Ní Treichville àti Adjamé, níbi tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá fìdí kalẹ̀ sí, ológbò kì í ṣe ohun ìṣeré lásán. Òun ni ó ń ṣọ́ ẹrù lọ́wọ́ eku. Bí ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀ sí sín, gbogbo àwọn yòókù wà nínú ewu, àwọn ọmọ ológbò ni ó sì ń tètè kú nínú wọn.

Kí ni ó ń fà á?

Fáírọ́ọ̀sì méjì ni ó wà nídìí èyí tí ó pọ̀ jù: herpesvirus ti ológbò àti calicivirus ti ológbò. Bakitéríà bí i Chlamydia felis àti Bordetella bronchiseptica náà lè dá a sílẹ̀, tàbí kí wọ́n fi kún un. Coryza ni àwọn dókítà ẹranko tí ń sọ èdè Faransé ń pe gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Ológbò tí ó ní i yóò máa sín, ikun yóò máa jáde nímú rẹ̀, ojú rẹ̀ yóò pọ́n yóò sì máa ṣe ipin, ara rẹ̀ yóò gbóná. Kò ní fẹ́ jẹun, nítorí ológbò tí kò gbọ́ òórùn oúnjẹ kì í fẹ́ fẹnu kàn án. Egbò lórí ahọ́n sábà máa ń tọ́ka sí calicivirus. Herpesvirus ní tirẹ̀ lè fọ́ ojú ọmọ ológbò pátápátá.

Bí ó ṣe ń ràn

Ikun, itọ́ àti omi ojú ni ó ń gbé àrùn náà. Omi tí ó ń fọ́n jáde nígbà tí ológbò bá sín kì í sábà kọjá mítà 1 tàbí 2. Ọwọ́ yín, aṣọ yín àti àwo oúnjẹ ni ó ń gbé e dé ibi tí ó jìnnà. Herpesvirus kì í lò ju bí ọjọ́ 1 lọ lẹ́yìn tí ó bá ti kúrò lára ẹranko, ṣùgbọ́n calicivirus lè wà lórí nǹkan gbígbẹ fún bí oṣù 1.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ pé ológbò tí ara rẹ̀ ti yá ṣì lè máa kó o ran àwọn ẹlòmíràn. Herpesvirus a máa sá pamọ́ sínú ara títí ayé. Bí ìdààmú bá dé, bóyá nítorí kíkó lọ sí ilé tuntun, ọmọ bíbí tàbí ológbò àlejò, ó lè tún jí ní bí ọ̀sẹ̀ 1 lẹ́yìn náà. Nítorí náà, kí ológbò máa fò kiri kò tó ẹ̀rí láti mú un wọ àárín àwọn tiyín.

Ohun tí ẹ ó ṣe

Ẹ ya ológbò tuntun sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2, pẹ̀lú àwo àti àpótí ìyàgbẹ́ tirẹ̀. Nínú àgbàlá àjùmọ̀gbé tí a ń pè ní cour commune, yàrá kì í tó. Ilé ìwẹ̀ tàbí àgò ní igun tí ó jìnnà ju mítà 2 lọ sàn ju kí wọ́n wà pọ̀ lọ. Ẹ kọ́kọ́ fún àwọn ọmọ ológbò lóúnjẹ, lẹ́yìn náà àwọn àgbà tí ara wọn le, kí ẹ wá fi aláìsàn parí. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ẹ sì ní aṣọ kan tí ẹ ó máa wọ̀ lọ sọ́dọ̀ aláìsàn nìkan.

Ọṣẹ nìkan kò pa calicivirus. Javel ń pa á. Ẹ kọ́kọ́ fọ ìdọ̀tí kúrò, nítorí ìdọ̀tí ń sọ Javel di aláìlágbára. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ bu ife 1 sínú ife omi 32. Bí ó bá jẹ́ bí ìdajì èyí, ife omi 15 tó. Ẹ ka ara ìgò. Ẹ jẹ́ kí ó wà lórí nǹkan náà fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ fi omi ṣàn án, kí ó sì gbẹ kí ológbò tó padà débẹ̀. Ẹ má ṣe pò ó mọ́ oògùn ìfọlẹ̀ mìíràn.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ẹ ó rí ni èyí tí wọ́n kọ RCP sí lára. Ọmọ ológbò ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, a ó sì máa tún un fún un ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Kì í dènà kíkó àrùn pátápátá, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ó fúyẹ́.

Ẹ má ṣe fún ológbò ní paracetamol. Hóró 1 péré lè pa á. Ẹ má sì fi Robb tàbí ìpara mẹ́ńtọ́ọ̀lù pa á ní imú. Yóò fi ahọ́n lá a. Àgbà ológbò tí kò bá jẹun fún ọjọ́ 1, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko. Ti ọmọ ológbò kò gbọdọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ǹjẹ́ ó lè ran ènìyàn?

Fáírọ́ọ̀sì méjèèjì yìí kì í ran ènìyàn. Ọ̀tọ̀ ni àrùn àwọn ẹyẹ, H5N1. Ó wọ Abidjan ní oṣù kẹrin ọdún 2006, ó sì tún yọjú lẹ́bàá Grand-Bassam ní ọdún 2021. Ní ọdún 2006 kan náà, ó pa àwọn ológbò ní erékùṣù Rügen ní Jámánì. Ẹ má ṣe fún ológbò ní ẹran tútù tàbí ìfun adìẹ tí ó ṣàìsàn tàbí tí ó dédé kú. Bí adìẹ àti ológbò bá ń kú papọ̀ ní àdúgbò yín, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn wọ́n. Ẹ fi tó iléeṣẹ́ ìtọ́jú ẹranko létí, kí wọ́n lè fi àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò ẹranko ní Bingerville.