Òkè Tí Bátìrì Ò Lè Gùn

Ẹni tó bá sọ fún un yín pé òkè ló le jù nínú ìrìn àjò, ẹ bi í bóyá ó ti gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá rí. Mo ń bọ̀ lórí Sẹ̀mẹ̀. Ìtàn Àjàlá ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, Àjàlá gan-an o, kì í ṣe àjàlá tí màmá yín ń pè yín nígbà tẹ́ ẹ bá rìn gbéregbère dé ààjìn.

Moshood Ọlábísí Àjàlá lorúkọ rẹ̀. Ghana ni wọ́n bí i sí, àmọ́ ọmọ Yorùbá ni. Ó kàwé ní Èkó àti ní Ìbàdàn kó tó kọjá sí Amẹ́ríkà láti wá ẹ̀kọ́ gíga ní Chicago. Ní 1952, ó gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Chicago lọ sí Los Angeles. Aṣọ Yorùbá ló wọ̀ sọ́rùn, ó sì ń dúró lójú ọ̀nà láti bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ nípa Áfíríkà. 2,280 máìlì ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún ìrìn àjò yẹn. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ó lé ní 3,600 kìlómítà. Kẹ́ ẹ lọ sí Ìbàdàn láti Èkó kẹ́ ẹ sì padà, lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá gbáko. Ẹsẹ̀ ló fi wà á.

Ilẹ̀ ibẹ̀ kò sì tẹ́jú. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà tó lọ láti Chicago dé etí òkun ìwọ̀-oòrùn ló la àwọn òkè ńláńlá Rocky kọjá, òkè tó nà láti Kánádà títí dé New Mexico. Lẹ́yìn ìyẹn ni aṣálẹ̀, lẹ́yìn aṣálẹ̀ ni òkè mìíràn tó yí Los Angeles ká. Àwa tá a gun àtẹ̀gùn Ìdànrè tó lé ní 600 tá a wá ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ jẹ́ ká fìlà fún ọmọkùnrin yìí.

Ká ní òde òní ni, kẹ̀kẹ́ oníná ì bá gbà á. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá ti ń fẹsẹ̀ wà á, ẹ̀rọ kékeré tó wà lára rẹ̀ á máa bá yín tì í. Ní Yúróòpù, 250 wátì ni òfin gbà kí agbára ẹ̀rọ náà mọ. Èèyàn lásán tó ń wa kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 100 wátì lọ. Ìyẹn ni pé bí ẹni pé èèyàn méjì àbọ̀ ń tì yín lẹ́yìn. Láti gbé èèyàn àti kẹ̀kẹ́, tí àwọn méjèèjì jọ wọn 90 kílò, gun òkè tó ga ní 1,000 mítà, agbára tó ń lọ sí i jẹ́ nǹkan bí 245 wátì-wákàtí. Bátìrì 500 wátì-wákàtí sì wọ́pọ̀. Ká tiẹ̀ ní díẹ̀ ṣòfò sójú ọ̀nà, ẹ máa dókè, bátìrì á ṣì kù. Ọ̀rọ̀ òkè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Àjàlá lẹ́yìn tó ti gun òkè tán. Ní 1953, nítorí ìwé ìgbélùú àti àwọn ẹ̀sùn mìíràn, ìjọba Amẹ́ríkà ní kó máa lọ sílé. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ la ilẹ̀ wọn já, ó wá gun òpó rédíò kan tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 80, ó lóun ò sọ̀kalẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Òkè gidi ò dá a dúró. Bébà ló gbé e gun òpó.

Kò sì jáwọ́. Nígbà tí ọdún 1950 ń parí lọ, ó ti wà lórí Vespa, ó ń yí ayé ká. Ìwé tó kọ nípa ẹ̀, An African Abroad, jáde ní 1963. Àwọn tó ka ìwé yẹn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnubodè pọ̀ níbẹ̀ ju ọ̀rọ̀ òkè lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni ti ẹnubodè Mandelbaum ní Jerúsálẹ́mù, láàárín Jọ́dánì àti Ísírẹ́lì, níbi tó ti fi Vespa rẹ̀ já lójú ìbọn. Kí ni bátìrì fẹ́ ṣe síyẹn?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí Ìyànà-Ìbà wa. Ọ̀nà Badagry tá a ń sá kọjá lójoojúmọ́ láti wọ LASU, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lé e, tẹ́ ẹ kọjá Okokomaiko, Sẹ̀mẹ̀ lẹ máa já sí. Kò sí òkè kankan níbẹ̀. Ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ títí dé Cotonou. Láti 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ ẹgbẹ́ lè wọ ilẹ̀ ara wọn fún 90 ọjọ́ láìgba fisa. Síbẹ̀, ẹ bi àwọn ìyá tó ń lọ rajà ní Bẹ̀nẹ̀ iye ìgbà tí wọ́n ń dúró lójú ọ̀nà, àti iye tó ń kúrò lápò wọn. Ní oṣù kẹjọ 2019, ìjọba Nàìjíríà tiẹ̀ ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ pa. Oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà. Odidi ọdún kan ó lé!

Bẹ́ẹ̀, iná ń bẹ níwájú. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ilé-iṣẹ́ Spiro ti kó ọ̀kadà oníná sójú títì. Bí bátìrì bá tán, ọlọ́kadà á yà sí ibùdó, á yọ èyí tó kú, á gba èyí tó kún, ó tún ti lọ nìyẹn. Ní 2022, Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti London dé Èkó ní ọjọ́ 41, kó lè ríwó jọ láti bá àrùn rọpárọsẹ̀ jà. Epo bẹntiróòlù ni tiẹ̀ jẹ. Mo gbà pé ọmọ wa kan máa fi oníná ṣe irú ẹ̀ láìpẹ́.

Ìdí tí mo fi kọ èyí ni pé ìdajì àwọn tá a jọ ń jókòó ní kíláàsì, ọ̀rọ̀ jápa ló wà lẹ́nu wọn. A máa ń rò pé ẹni tó bá lókun tó sì láyà ló ń débi tó ń lọ. Àjàlá ní méjèèjì, wọ́n ṣì fi bébà dá a dúró. Nítorí náà, ẹ má pe ẹni tí wọ́n kọ fisa fún ní ọ̀lẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tuntun bo ọ̀rọ̀ ẹnubodè mọ́lẹ̀ fún yín. Ẹ̀rọ ló ń gun òkè. Ẹnubodè, ọwọ́ èèyàn ló kọ́ ọ, ọwọ́ èèyàn náà ló sì máa ṣí i.

Àjàlá kú sí Èkó ní ọjọ́ kejì oṣù kejì 1999. Ebenezer Obey ti fi í kọrin tipẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn, orúkọ rẹ̀ sì ti di ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa. Tí wọ́n bá tún pè yín ní àjàlá, ẹ dáhùn o. Kẹ́ ẹ wá bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀.