Bí A Ti Í Dá Olè Ojú Òkun Lẹ́jọ́



Láyé àtijọ́, bí ọwọ́ bá tẹ olè ní ọjà Èjìnrìn, létí ọ̀sà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ta kókó. Ẹni tí ó ni ẹrù wà níbẹ̀, ẹrù fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn tí ó fi ojú rí i wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ ìlú tí ó ni ọjà, wọ́n sì mọ̀ pé bí ẹjọ́ náà bá wúwo, àwọn Òṣùgbó ni yóò gbọ́ ọ ní ìlédì. Ṣùgbọ́n bí olè bá jà láàárín agbami ńkọ́, níbi tí ojú kò ti rí ilẹ̀ mọ́? Ta ni ó ni ibẹ̀? Ta ni yóò dá ẹjọ́ náà? Ìtàn kan wà tí yóò là wá lójú, ìtòsí wa níhìn-ín ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1845, èbúté òwò ẹrú ni Èkó. Ọ̀nà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti ojú ọ̀sà wà lára ibi tí wọ́n ń gbà kó àwọn tí ogun mú wá sí etí òkun. Kí a má purọ́, àwọn kan nínú àwọn baba wa ṣe alárinà nínú òwò náà. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1826 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Bràsíl ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé, láti ọdún 1830 lọ, ọmọ Bràsíl tí ó bá ń kó ẹrú la òkun kọjá, olè ojú òkun ni a ó kà á sí.

Ní òpin oṣù kejì ọdún 1845, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Wasp rí ọkọ̀ Bràsíl kan, Felicidade, lójú òkun Èkó. Wọ́n ti tún inú rẹ̀ ṣe fún kíkó ẹrú, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹrú kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á, wọ́n fi àwọn ènìyàn tiwọn sínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi Felicidade yìí lé ọkọ̀ mìíràn bá, Echo ni orúkọ rẹ̀. Ènìyàn tí ó lé ní irinwó ni wọ́n há mọ́ inú rẹ̀ bí ẹja. Wọ́n kó ọ̀gá Echo, Serva, àti àwọn kan nínú àwọn atukọ̀ rẹ̀ sínú Felicidade, wọ́n sì fi ọ̀dọ́mọkùnrin ológun kan, Palmer, àti àwọn mẹ́sàn-án ṣọ́ wọn. Àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ dìde sí wọn, wọ́n sì pa àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọkọ̀ ogun mìíràn, Star, mú Felicidade. Wọ́n kó àwọn tí a fura sí lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìlú Exeter, ní oṣù keje ọdún náà, àwọn kan tí wọ́n wà nínú ọkọ̀ nígbà ìpànìyàn náà jẹ́rìí sí ohun tí wọ́n rí. Àwọn ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ ní àwọn méje jẹ̀bi, adájọ́ sì dá ikú fún wọn.

Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ àgbà tún ẹjọ́ náà yẹ̀ wò, púpọ̀ nínú wọn sì ní kí a tú àwọn méjèèje sílẹ̀. Èé ṣe? Wọ́n ní ọkọ̀ tí ó bá gbé ẹrú ni àdéhùn fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì láṣẹ láti mú, Felicidade kò sì gbé ẹrú nígbà tí wọ́n mú un. Nítorí náà, ọkọ̀ Bràsíl ni ó ṣì jẹ́, ilé-ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní àṣẹ lórí ìpànìyàn tí ó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ènìyàn mẹ́wàá kú, ẹlẹ́rìí wà, síbẹ̀ ẹjọ́ náà fọ́, nítorí pé ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò dúró dáadáa. Ọwọ́ tí a fi mú olè ni kò tọ́.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ lásán ni èyí. Òfin òkun tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ẹnu kò lé lórí ní ọdún 1982 sọ pé omi tí ó wà láàárín máìlì òkun 12 sí etí òkun, orílẹ̀-èdè tí ó ni etí òkun náà ni ó ni ín. Olè tí a bá jà lójú agbami, tí kì í ṣe omi ẹnikẹ́ni, òun ni òfin náà ń pè ní ìwà àwọn ajalèlókun, orílẹ̀-èdè yòówù sì lè mú wọn. Nàìjíríà gba òfin yìí ní ọdún 1986. Ṣùgbọ́n Ìwé Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala kejìlá, sọ pé àdéhùn tí a bá ilẹ̀ òkèèrè ṣe kò lágbára òfin nílé bí Ilé Aṣòfin kò bá sọ ọ́ di òfin. Ọdún gorí ọdún, Ọmọ Ogun Ojú Omi ń mú ọlọ́ṣà, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba sì ń wá òfin mìíràn tí wọn yóò fi pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019 ni Nàìjíríà tó ní òfin tirẹ̀ sí àwọn ajalèlókun. Ẹ̀wọ̀n gbére ni ó lè gbẹ̀yìn rẹ̀, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ni yóò sì máa gbọ́ ẹjọ́ náà.

Òfin náà kò tètè dé rárá. Ní ọdún 2020, atukọ̀ 135 ni àwọn ọlọ́ṣà jí gbé lójú òkun gbogbo ayé. Nínú wọn, 130 jẹ́ ti òkun Gínì, tí ilẹ̀ wa wà létí rẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, wọ́n gba ọkọ̀ apẹja ilẹ̀ Ṣáínà kan, Hailufeng 11, lójú òkun Côte d'Ivoire, pẹ̀lú atukọ̀ 18. Ọmọ Ogun Ojú Omi wa lé e, wọ́n sì wọ inú rẹ̀ ní nǹkan bí máìlì òkun 140 sí gúúsù Èkó. Wọ́n mú afurasí mẹ́wàá, àwọn atukọ̀ sì yè. Láyé Felicidade, agbẹjọ́rò ìbá bèèrè pé: ọkọ̀ Ṣáínà, tí wọ́n gbà lójú òkun Côte d'Ivoire, kí ni ó kan Nàìjíríà níbẹ̀? Lọ́tẹ̀ yìí, òfin ti dáhùn ìbéèrè náà kí wọ́n tó bi í. Ní oṣù keje ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ ní Èkó rán àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjìlá méjìlá.

Síbẹ̀, òfin nìkan kò tó. Ọkọ̀ tí a jà lólè kì í dúró sójú kan bí ilé; ẹrù ń dúró dè é, ó gbọ́dọ̀ lọ. Àwọn ẹlẹ́rìí ń sọ èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, olúkúlùkù sì ń fẹ́ padà sílé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wọ inú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ ibi tí ọkọ̀ wà àti wákàtí tí ó jẹ́ sílẹ̀. Kí ó tọ́jú ìbọn, okùn àti àkàbà tí wọ́n fi gùn ún, kí ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn atukọ̀ kí wọ́n tó túká. Omi kì í pa ipa ẹsẹ̀ mọ́. Ènìyàn ni yóò bá a pa á mọ́.

Àwọn kan yóò ní, kí ni gbogbo wàhálà yìí fún olè tí ọwọ́ ti tẹ̀? Àwọn baba wa ní, a gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ tún rántí Palmer àti àwọn ènìyàn rẹ̀: ẹjọ́ tí a kò bá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ẹni tí ó kú ni ó ń jìyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Kí ọjọ́ kan náà má ṣe bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ó yẹ kí òfin ti wà nílẹ̀ kí olè tó dé.