Iye Owó Ìpín Láti Àtẹ̀yìnwá: Ohun Tí Ìwé Rẹ̀ Sọ àti Ohun Tí Kò Sọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí jẹ mọ́ wíwo ẹ̀yìn, ní ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ti mọ bí a ṣe ń wò ó. Ìwé tí a ń kọ iye owó ìpín ilé-iṣẹ́ sí láti ọdún dé ọdún ni mò ń wí, ìpín tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní ṣíà. Ẹni tí ó fẹ́ fi owó ra ìpín a máa sáré lọ wo irú ìwé bẹ́ẹ̀. Yóò rí i pé ìpín kan jẹ́ náírà 5 nígbà kan, pé ó di náírà 20 nígbà mìíràn, yóò sì gbà pé òun ti mọ ìtàn rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Iye owó tí a kọ sínú ìwé dà bí ẹlẹ́rìí tí ó dúró ní kóòtù: kò purọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a bá bi í nìkan ni ó ń dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Èkó. Ọdún 1960 ni a fi orúkọ Lagos Stock Exchange sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ọjà sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1961 pẹ̀lú oríṣi ìwé owó 19 péré, ti ìjọba àti ti ilé-iṣẹ́ lápapọ̀. Ní ọdún 1977 ni ó di Nigerian Stock Exchange. Ní àwọn ọdún ìṣáájú wọ̀nyẹn, àwọn alágbàtà a péjọ sínú yàrá kan, a ó pe orúkọ ìpín kọ̀ọ̀kan sókè ketekete, ẹni tí ó fẹ́ rà àti ẹni tí ó fẹ́ tà yóò sì dáhùn. Bí kò bá sí ẹni tí ó dáhùn, iye ti àná ni yóò wà nílẹ̀ fún òní. Nítorí náà, bí a bá ń ka ìwé ìgbà náà, tí a rí iye owó kan tí ó dúró gbọin fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí a má ṣe yára sọ pé ọkàn àwọn olówó balẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò rà, ẹnikẹ́ni kò sì tà. Ọdún 1999 ni kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ ìpè náà ṣe.

Ohun mìíràn tún wà nípa àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ní ọdún 1972, ìjọba ológun ṣe òfin pé kí àwọn àjèjì fi apá kan nínú ilé-iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà, ó sì tún mú òfin náà le sí i ní 1977. Ìgbìmọ̀ ìjọba kan tí ń jẹ́ Capital Issues Commission ni ó ń pinnu iye tí a ó ta ìpín wọ̀nyí fún aráàlú. Iye tí wọ́n fi lé e kéré, àwọn tí ń bẹ̀bẹ̀ fún un sì pọ̀ ju ohun tí ó wà nílẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fi iye yẹn ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò rẹ̀ lónìí yóò rí èrè tí ó tóbi jọjọ. Apá kan èrè náà, kì í ṣe ọgbọ́n òwò ni ó bí i. Ẹ̀bùn ni, tí òfin fi fún àwọn tí ọwọ́ wọn tó o nígbà náà. Kò yẹ kí a máa retí irú rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Mo tún ní láti sọ̀rọ̀ nípa ènì. Ní ọjà gààrí, ènì jẹ́ àfikún tòótọ́. Bí ìyá onígààrí bá da ẹ̀kúnwọ́ kan sí i lẹ́yìn tí ó ti wọ̀n ọ́n tán, gààrí wa ti pọ̀ sí i. Àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ wa náà fẹ́ràn láti máa fún àwọn onípín ní ìpín ọ̀fẹ́, inú àwọn ènìyàn a sì máa dùn. Ṣùgbọ́n láti inú òṣùwọ̀n kan náà ni ènì yìí ti jáde. Bí ẹnì kan bá ní ìpín 100 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ náírà 10, tí ilé-iṣẹ́ sì fún un ní ọ̀kan lórí ọ̀kan, ó ti di ẹni tí ó ní 200, a ó sì dín iye rẹ̀ kù sí náírà 5. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni ó ní tẹ́lẹ̀, òun náà ni ó sì ní báyìí. Ẹni tí ó kan ń ka ìwé iye owó, tí kò mọ̀ pé a fúnni ní ìpín ọ̀fẹ́, yóò pariwo pé ilé-iṣẹ́ náà ti wó dé ìdajì. Àwọn ìwé kan wà tí a ti ṣe àtúnṣe sí nítorí èyí, àwọn mìíràn kò sì ní àtúnṣe kankan. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè nìyí kí a tó fi ọdún kan wé èkejì.

Ní oṣù kìíní ọdún 1984 ni ọjà Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwọ̀n àpapọ̀ tí à ń pè ní All-Share Index. Ó fi 100 ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 2008, ìwọ̀n náà ti gun òkè dé 66,371. Ẹ gbọ́ bí ó ti dùn létí! Ṣùgbọ́n náírà kan ju dọ́là kan lọ ní 1984, nígbà tí ó fi máa di 2008, ó lé ní náírà 110 kí a tó rí dọ́là kan rà. Púpọ̀ nínú òkè tí ìwọ̀n náà gùn, ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ó rì.

Kí n tó sọ ohun tí ó tẹ̀lé e, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Amẹ́ríkà díẹ̀, nítorí ó pẹ́ tí àwọn ti ń wọn ọjà tiwọn. Charles Dow bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n Dow Jones ní ọdún 1896 pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ 12. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1929 ó dé 381. Ní oṣù keje ọdún 1932 ó ti já sí 41. Oṣù kọkànlá ọdún 1954 ni ó tó padà sí ibi tí ó ti ṣubú. Ọdún 25 ni àwọn ènìyàn máa ń ka, wọ́n sì ń fi í dẹ́rù ba ara wọn. Òótọ́ ni iye náà, àmọ́ kò sọ gbogbo rẹ̀. Ní àwọn ọdún ìpọ́njú wọ̀nyẹn, ọjà dínwó ní Amẹ́ríkà, dọ́là kan ra nǹkan púpọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan sì ń pín owó èrè fún onípín lọ́dọọdún, èyí tí ìwọ̀n náà kì í kà mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá ń fi owó èrè náà ra ìpín sí i, ó ti rí owó rẹ̀ gbà padà tipẹ́tipẹ́ kí 1954 tó dé.

Ẹ wá fi èyí wé tiwa. Láti 66,371 yẹn, ọjà Èkó ṣubú títí kò fi tó 20,000 mọ́ nígbà tí oṣù kẹta ọdún 2009 parí. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ. Ìṣirò kan wà níhìn-ín tí ó máa ń fara pamọ́: ohun tí ó bá ti 100 já sí 30 gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta lọ kí ó tó padà sí 100. Ọdún 2023 ni ìwọ̀n náà tó tún kọjá ibi tí ó wà ní 2008, àwọn ènìyàn sì yọ̀. Ẹ jẹ́ kí a bi ẹlẹ́rìí náà ní ìbéèrè kan sí i. Ní 2008, náírà 60,000 lè ra dọ́là 500. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, dọ́là kan ti lé ní náírà 700, kò sì sí bí náírà 60,000 kan náà ṣe lè pé dọ́là 86. Ní Amẹ́ríkà, ìwọ̀n náà pẹ́ kí ó tó padà, owó ti ṣáájú rẹ̀ dé. Ní Èkó, ìwọ̀n padà, ṣùgbọ́n owó kò bá a padà.

Nínú ìwé ọdún 2008 yẹn, ibì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi ìka sí. Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí ọjà ń wó lọ, àwọn aláṣẹ ọjà pàṣẹ pé ìpín kankan kò gbọdọ̀ já ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ lójúmọ́, ṣùgbọ́n ó lè gòkè dé ìdá márùn-ún. Kí ọdún náà tó parí ni wọ́n ti yí àṣẹ náà padà. Ẹni tí ó bá ka iye owó àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn yóò rò pé ìṣubú náà rọra wá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ìwé ń kọ iye, àwọn tí ó fẹ́ tà sì tò lọ bẹẹrẹbẹ, wọn kò rí ẹni tí yóò rà á ní iye náà. Iye tí a kò lè tà á, kí ni a ó pè é?

Àwọn tí orúkọ wọn ti parẹ́ tún wà. Ní ọdún 2004, báńkì àpapọ̀ ní kí gbogbo báńkì ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù 25 náírà. Láti 89, wọ́n di 25. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, ìjọba gba Afribank, Bank PHB àti Spring Bank, ó sì fi orúkọ tuntun dá wọn sílẹ̀. Àwọn onípín ti tẹ́lẹ̀ kò ní nǹkan kan nínú àwọn tuntun náà. Bí ẹnì kan bá mú orúkọ àwọn báńkì tí ó wà lórí ọjà lónìí, tí ó sì tọ ipasẹ̀ wọn padà sí 2007, kò ní bá mẹ́ta wọ̀nyí pàdé. Àwọn tí ó yè nìkan ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀, ohùn wọn yóò sì máa dùn.

Kí wá ni ìwúlò ìwé náà? Lójú tèmi, kò lè sọ iye tí ìpín yóò jẹ́ lọ́la, bí ó ti wù kí àwọn kan máa fa ìlà lé e lórí. Ó lè fi hàn wá bí ìṣubú ti lè jìn tó, àti iye ọdún tí a lè fi dúró. Owó ilé-ìwé ọmọ tí yóò pé ní ọdún mẹ́ta kò lè dúró fún ọdún 15. Owó tí a yá kò lè dúró rárá. Láàárín 2006 sí 2008, àwọn báńkì yá ọ̀pọ̀ ènìyàn lówó láti ra ìpín, ìpín náà gan-an sì ni wọ́n fi ṣe ìdúró. Nígbà tí iye rẹ̀ já, gbèsè kò já pẹ̀lú rẹ̀. Púpọ̀ nínú gbèsè wọ̀nyẹn ni AMCON, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 2010, rà kúrò lọ́wọ́ àwọn báńkì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tí ó jẹ ẹ́ léèrè.