Ilé Kan ní Èkó: Ìgbé Ayé Ojoojúmọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti Asano Aya Rẹ̀ ní Ọjọ́ Ogbó Wọn

Bí a bá ń kọ ìtàn àwọn ajíyìnrere ọ̀rúndún kọkàndínlógún ní ilẹ̀ Yorùbá, ojú òyìnbó ni a sábà máa ń fi wo ọ̀rọ̀ "ilẹ̀ òkèèrè". Ẹni tí ó ti Jámánì tàbí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ni a gbà pé ó fi ilé sílẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ilé ni a gbà pé ó wà. David àti Anna Hinderer, tí wọ́n dé Ìbàdàn ní ọdún 1853 tí wọ́n sì kọ́lé sí Kúdẹtì, ni àpẹẹrẹ tọkọtaya ajíyìnrere tí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tètè máa ń rántí. Ohun tí ó sọ wọ́n di mímọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Anna kọ lẹ́tà, ó kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́, a sì kó wọn jọ di ìwé ní ọdún 1872, ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nípasẹ̀ ìwé náà ni a fi mọ bí wọ́n ṣe jẹun nígbà ogun Ìjàyè, tí ọ̀nà dí, tí wọ́n ń ta ẹrù ilé wọn kí wọ́n lè rí owó ẹyọ ná.

Tọkọtaya tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níhìn-ín yàtọ̀. Ọkọ kọ púpọ̀: ó tẹ ìwé ìrìn-àjò jáde lórí odò Ọya ti ọdún 1841, ti 1854 àti ti 1857, ó kọ ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀-èdè, lẹ́tà rẹ̀ sì pọ̀ jaburata nínú àkójọ Ẹgbẹ́ CMS. Ìyàwó kò tẹ ìwé kankan jáde. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ilé wọn ṣe rí ní láti máa yọjú wò ó láti inú ìrìn-àjò ọkọ, bí ẹni tí ń wo àgbàlá láti ojú fèrèsé. Mo gbà pé a lè rí ohun púpọ̀ láti ojú fèrèsé náà, bí a bá mọ ohun tí a ń wá.

Nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí Àjàyí ní Òṣoògùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní ọdún 1837 sí William Jowett, ó ní ìlú náà ní ẹnubodè mẹ́fà, àwọn ènìyàn tí ń gbé inú rẹ̀ sì tó nǹkan bí 12,000. Ní ọdún 1821 ni ogun kó o. Wọ́n mú Àjàyí, ìyá rẹ̀ Afala àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi í dúró fún ẹṣin kan. Lẹ́yìn tí wọ́n ti tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó dé Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Myrmidon, ni ó gba ọkọ̀ náà mú ní oṣù kẹrin ọdún 1822, tí ó sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sàró.

Ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń ka ìtàn yìí ní Òkè-Ògùn fi í sí ẹ̀gbẹ́ ìtàn Òkèhò. Òkèhò wà ní apá àríwá-ìwọ̀-oòrùn Ìsẹ́yìn, ìtàn ìlú náà sì fi yé wa pé ìlú kéékèèké mọ́kànlá ni ó kóra jọ sórí òkè nítorí ìpayà ogun. Orí òkè yẹn ni wọ́n wà títí di ọdún 1917, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí ibi tí ìlú wà lónìí lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ ọdún 1916. Ahoro Òkèhò ni wọ́n ń pe ibi àtijọ́ náà. Ìdààmú ọ̀rúndún kan náà ni ó lé àwọn kan gun òkè tí ó sì gbá àwọn mìíràn lọ sí etí òkun. Àwọn tí ó gun òkè ní ilé tí wọ́n lè padà sí, ì báà ṣe ahoro. Àjàyí kò ní. Nígbà tí ó fi máa padà sí ilẹ̀ Yorùbá, Òṣoògùn tí ó mọ̀ ti tú.

Sàró ni ó ti bá Asano pàdé. Ìwé ìtàn sọ pé a kó òun náà lẹ́rú, pé a dá a nídè, wọ́n sì sọ ọ́ ní Susan Thompson nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi. Ọdún 1829 ni wọ́n gbéyàwó. Olùkọ́ ni àwọn méjèèjì: nígbà tí wọ́n rán Àjàyí lọ ṣe olùkọ́ ní ìletò Regent, aya rẹ̀ ni olùkọ́bìnrin ilé-ìwé náà. Kókó yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé àwọn òǹkọ̀wé kan máa ń sọ̀rọ̀ Asano bí ẹni tí ó kàn tẹ̀ lé ọkọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti ní iṣẹ́ tirẹ̀.

N kò ní pẹ́ lórí ọdún Abẹ́òkúta, nítorí àwọn onímọ̀ ti kọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kìíní ọdún 1845; ikú Ṣódẹkẹ́ àti ìdíwọ́ ojú ọ̀nà sì dá wọn dúró níbẹ̀ fún ọdún kan àbọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni wọ́n wọ Abẹ́òkúta. Kí oṣù náà tó parí, Afala wá bá ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ti pínyà. Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń gbé jáde ni omijé ọjọ́ náà. Èyí tí ó kan kókó wa ni ohun tí ó tẹ̀ lé e: ìyá ọkọ dé, kò sì padà lọ. Ní oṣù kejì ọdún 1848 ó ṣe ìrìbọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Hannah, láti ìgbà náà lọ ó di ọ̀kan nínú agbo ilé náà. Asano, tí ó ti ń ṣe ìyálé ilé fún nǹkan bí ọdún mẹ́tàdínlógún láìní ìyá ọkọ nítòsí, wá ní ìyá láti tọ́jú. Àwọn obìnrin méjèèjì ni wọ́n dúró ti ilé fún ọdún tí ó lé ní ọgbọ̀n.

Láti ìparí àwọn ọdún 1850, Èkó ni ìdílé náà fi ṣe ibùgbé. Ní ọdún 1864 ni wọ́n fi Crowther joyè bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ó ti tó ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ ajíyìnrere òyìnbó ìgbà náà kò lè bá débẹ̀ ní etíkun ilẹ̀ wa, nítorí ibà. Ọdún náà gan-an ni Abigail ọmọ wọn, aya Thomas Babington Macaulay tí ó dá Ilé-ẹ̀kọ́ Gírámà CMS sílẹ̀, bí Herbert Macaulay ní Èkó. Nítorí náà, bàbá àgbà àti ìyá àgbà ni tọkọtaya yìí nígbà tí iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ nínú ayé wọn bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ náà wà ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ wò. Ìwé àṣẹ tí wọ́n fi yan Crowther sọ ọ́ di bíṣọ́ọ̀bù àwọn ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí kò sí lábẹ́ ìjọba Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Èkó sì ti wà lábẹ́ ìjọba yẹn láti ọdún 1861. Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta kò sí lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ajíyìnrere òyìnbó tí ó wà níbẹ̀, pàápàá Henry Townsend, kò fẹ́ kí ọmọ ilẹ̀ náà ṣe olórí wọn. Ohun tí ó kù fún un ni odò Ọya: Oníṣà, Lọ́kọ́ja, Akassa, Bonny, Brass, láàárín àwọn Igbo, àwọn Nupe àti àwọn Ìjọ́, tí èdè wọn kì í ṣe èdè rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù náà ń gbé láàárín àwọn tí ń sọ èdè rẹ̀ ní ìlú tí kò ní àṣẹ lé lórí, ibi tí ó sì ní àṣẹ lé lórí jẹ́ ilẹ̀ òkèèrè fún un. Bí a bá rántí pé Òṣoògùn ti di ahoro, a ó rí i pé kò sí ibì kankan tí ilé, ìlú ìbí àti ibi iṣẹ́ ti papọ̀ fún ọkùnrin yìí.

Omi odò ni ó ń ṣètò ọdún wọn. Láti nǹkan bí oṣù keje, odò Ọya a bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ní àsìkò yẹn nìkan ni ọkọ̀ elẹ́ẹ́fín ńlá lè gòkè dé Lọ́kọ́ja. Bí oṣù kẹwàá bá ti ń lọ, omi a fà, ọkọ̀ tí kò bá tètè sọ̀ kalẹ̀ a sì há sórí iyanrìn. Crowther kò ní ọkọ̀ tirẹ̀. Ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ni ó ń wọ̀, ọjọ́ tí ó bá wu wọ́n ni wọ́n sì ń ṣí. Ọdún 1878 ni ọkọ̀ Henry Venn tó dé fún iṣẹ́ ìhìnrere. Fún Asano, ìṣètò yìí túmọ̀ sí pé apá kan nínú ọdún kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ìdúródè. Ìròyìn kì í dé àfi bí ọkọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀, wáyà kò sì tíì dé Èkó. Ní ọdún 1867, Abokko, ìjòyè kan ní ẹ̀bá Ìdá, mú Crowther àti Dandeson ọmọ rẹ̀ sí àhámọ́, ó ń béèrè owó ìdásílẹ̀. Nígbà tí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Fell, lọ gbà wọ́n, wọ́n bọ́, ṣùgbọ́n ọfà olóró ba Fell, ó sì kú. Ọkọ àti ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà! Ẹni tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí ní èwe ni Asano, Afala tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ sì ti sọ ọmọ yìí kan náà nù fún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Kò sí akọ̀wé tí ó sọ ohun tí àwọn méjèèjì bára wọn sọ ní àkókò yẹn.

Bí Crowther bá wà nílé, ìtumọ̀ Bíbélì ni iṣẹ́ tí ó ń jẹ àkókò rẹ̀ jù. Kì í ṣe iṣẹ́ orí tábìlì nìkan. Etí ni ó fi ń ṣe é: ó ń tẹ́tí sí bí àwọn àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ń ṣàkọsílẹ̀ òwe àti ọ̀rọ̀ tí ó bá ṣàjèjì sí i. Ẹni tí ó kúrò ní ìlú rẹ̀ ní ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá nílò etí bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé ó yẹ kí àwa onímọ̀ èdè fún ìyá rẹ̀ ní ipò tí ó tọ́ sí i nínú ìtàn yìí, nítorí Afala gbé Òkè-Ògùn àti agbègbè rẹ̀ dàgbà, ohùn tí ó gbọ́ níbẹ̀ ni ó sì gbé wọ ilé ọmọ rẹ̀. Ní ọdún 1862 iná jó ilé náà ní Èkó. Àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe tí ó ti ń kó jọ fún ọdún mọ́kànlá jó, kò sì ní ẹ̀dà mìíràn. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Láti ibo ni ènìyàn tún ti ń bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe láti ẹnu àwọn tí ó wà nítòsí?

Ní àwọn ọdún 1880, àwọn òyìnbó tí ń tú iṣẹ́ odò Ọya wò fi ẹ̀sùn kan Crowther pé kì í gbé láàárín àwọn ìjọ rẹ̀, pé àbójútó rẹ̀ kò tó. Àwọn òpìtàn kan gba ẹ̀sùn yìí, wọ́n sì kà á sí àṣìṣe ńlá. Kì í ṣe pé kò ní òótọ́ kankan nínú: ibùdó jìnnà síra, àwọn òṣìṣẹ́ kan sì hu ìwà tí kò yẹ, nígbà tí olórí wọn kì í dé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn náà gbàgbé ẹni tí ó yàn án síbẹ̀, àti ìdí tí wọ́n fi yàn án síbẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilé Èkó ni ìtumọ̀ ti jáde, ibẹ̀ ni ó ti ń kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ni àgbàlagbà ti ń sinmi kí omi tó tún kún. Àwọn tí ó ka ìgbé nínú ilé yẹn sí ọ̀lẹ kò bi ara wọn léèrè ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀.

Asano kú ní ọdún 1880, lẹ́yìn ọdún mọ́kànléláàádọ́ta nínú ìgbéyàwó. Afala tẹ̀ lé e ní ọdún 1883, ó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ní ọdún 1884 ni odindi Bíbélì Yorùbá jáde. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́mọdé ajíyìnrere láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jókòó ní Oníṣà ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, tí wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò lójú rẹ̀, tí òun náà sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, opó ni, ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó padà sí Èkó. Ó kú níbẹ̀ ní ọjọ́ tí ó gbẹ̀yìn ọdún 1891. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Dandeson, ọmọ tí wọ́n jọ há sọ́wọ́ Abokko, kó àwọn ìjọ etí òkun náà kúrò lábẹ́ Ẹgbẹ́ CMS, wọ́n sì dá dúró lábẹ́ orúkọ Niger Delta Pastorate.