Ogún Tí Àgbébọ̀ Fi Sínú Ẹyin

Ó lè ya yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí adìẹ. Àwíjàre mi kò pọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹyin ti wà nínú àṣà wa kí ó tó dé ilé ìwádìí, ọ̀rọ̀ orúkọ sì ni apá kan ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí dá lé.

Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, àwọn àgbà ayé àtijọ́ kì í fẹ́ fún ọmọdé ní ẹyin jẹ. Wọ́n ní ọmọ tí ó bá mọ adùn ẹyin yóò di olè. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti bá wa wí lórí èyí, wọn kò sì jẹ̀bi, nítorí pé ẹyin ń ṣe ara ọmọdé lóore. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ajé wà nídìí èèwọ̀ náà: ẹni tí ó jẹ ẹyin lónìí ti jẹ adìẹ ọ̀la. Ohun tí àwọn àgbà kò ní ohun èlò láti rí ni pé oúnjẹ nìkan kọ́ ni àgbébọ̀ ń kó sínú ẹyin. Òròmọdìẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò tíì lè dá ààbò ara rẹ̀ ṣe tó. Nítorí náà, ìyá rẹ̀ a máa kó èròjà ààbò, èyí tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní áńtíbọ́dì, láti inú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ sínú pupa ẹyin. Àrùn tí ara ìyá bá ti bá pàdé ni ogún náà mọ̀ ọ́n jà.

Ní ọdún 1890, Emil von Behring, ará Jámánì, àti Shibasaburo Kitasato, ará Japan, fi hàn ní ìlú Berlin pé bí a bá mú kí ara ẹranko kan mọ́ oró tẹ́tánọ́ọ̀sì, omi ẹ̀jẹ̀ ẹranko náà lè gba ẹranko mìíràn là. Ní 1893, Felix Klemperer, ará Jámánì bákan náà, dán irú rẹ̀ wò lára adìẹ. Ó mú kí ara àwọn adìẹ mọ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, ó mú pupa ẹyin wọn, ó fi í sára eku, pupa ẹyin náà sì dáàbò bo eku lọ́wọ́ oró àrùn yìí. Kò sí ìdí láti gba ẹ̀jẹ̀ adìẹ rárá.

Síbẹ̀, ẹṣin ni ayé yàn. Ẹṣin tóbi, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀, oògùn tí a fi omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe sì gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ dìfítẹ́ríà, àrùn tí í dí ọ̀nà ọ̀fun. Behring gba ẹ̀bùn Nobel ní 1901. Ìwé Klemperer sùn sórí pẹpẹ. Ní 1905, Clemens von Pirquet àti Béla Schick kọ ìwé lórí àìsàn tí omi ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ń dá sí àwọn mìíràn lára: ibà, ara yíyún, oríkèé ríro. Kí ẹnikẹ́ni tó rántí adìẹ, oògùn sọ́lfà dé ní àwọn ọdún 1930, pẹnisílíìnì tẹ̀ lé e, ó sì dà bí ẹni pé ogun kòkòrò àrùn ti parí.

Ohun tí ó fà mí mọ́ra jù lọ nìyí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ ti ẹranko afọ́mọlọ́mú, IgG, ni wọ́n fi ń pe èròjà inú ẹyin yìí. Ní 1969 ni Leslie àti Clem fi hàn pé ìrísí rẹ̀ yàtọ̀, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní IgY. Láti ara ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà yolk ni Y ti wá. Yolk fúnra rẹ̀, láti ara àwọ̀ ìyeyè ni ó ti ṣẹ̀. Yorùbá pè é ní pupa. Àwọ̀ ni èdè méjèèjì wò kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ! Ìyàtọ̀ tí orúkọ àjèjì bò mọ́lẹ̀ yìí sì ni àǹfààní rẹ̀: IgY kì í ru ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sókè bí ti ẹṣin ti í ṣe. Pupa ẹyin kan lè ní nǹkan bí 100 mílígíráàmù nínú. Ní 1980, Alfred Polson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní South Africa tẹ ìwé jáde lórí ọ̀nà tí ó rọrùn láti yọ ọ́.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀nà jíjìn ni èyí sí wa. Ní Vom, lórí òkè Jos, ní 1924, ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí ẹranko sílẹ̀, omi ẹ̀jẹ̀ màlúù tí í gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn màlúù sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Vom kan náà ń ṣe àjẹsára táífọ́ọ̀dù adìẹ àti kọ́lẹ́rà adìẹ, bakitéríà ni ó sì ń fa méjèèjì. Àgbẹ̀ tí ó bá gún adìẹ rẹ̀ ní irú abẹ́rẹ́ yìí ní Òmù-Àrán, níbi tí Yunifásítì Landmark ti gbé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ síwájú láti 2011, ti gba ọ̀nà Klemperer láìmọ̀. Kí ni a ń fi ẹyin náà ṣe? A ń dín in.

Èmi kò wá polówó ìyanu. Ní 1992, Yokoyama àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi IgY dáàbò bo ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò E. coli tí í fa ìgbẹ́ gbuuru. Ní Uppsala, ní Sweden, àwọn aláìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan ń fi IgY ṣan ọ̀fun lálaalẹ́ láti dènà bakitéríà Pseudomonas, ìrètí sì pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán an wò lára àwọn aláìsàn káàkiri Yúróòpù, kò fi ìyàtọ̀ tó jọjú hàn. Iná ìdáná ń bà á jẹ́, omi kíkan inú ikùn náà ń bà á jẹ́. Ẹni tí ó bá torí ọ̀rọ̀ mi lọ mu ẹyin tútù, salmonẹ́là ni ó lè fi ra.

Ṣùgbọ́n ogun tí a rò pé ó ti parí kò parí. Ní 2019, nǹkan bí 1,270,000 ènìyàn ni ó kú káàkiri ayé nítorí bakitéríà tí oògùn kò ràn mọ́. Nàìjíríà gbé ètò kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà ní 2017, síbẹ̀ a ṣì ń ra tẹtirasaikílíìnì lọ́wọ́ aláte bí ẹni ra gúgúrú, a sì ń pò ó mọ́ omi adìẹ. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó kéré: ìgbẹ́ gbuuru ọmọ màlúù àti ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, pẹ̀lú ẹyin àgbébọ̀ tí a gún ní abẹ́rẹ́ àwọn kòkòrò tí a bá rí nínú ọgbà ẹran wa gan-an. Kòkòrò ọgbà ẹran Sweden kọ́ ni ó ń pa ọmọ màlúù ní Òmù-Àrán.